Ẹ̀san Inú Aṣálẹ̀: Ìwé Tí Àwọn Òǹkàwé Ò Tíì Fẹnu Kò Lé Lórí

Ká sọ pé ọkùnrin kan fipá bá ìyá yín lò pọ̀ lójú ogun, oyún dúró, ẹ̀yin sì ni ọmọ tí wọ́n fi oyún náà bí. Ẹ dàgbà, ẹ wá rí i pé ẹ ní agbára kan tí ọmọ aráyé kì í ní. Ọkùnrin yẹn náà ṣì wà láàyè. Oṣó ni, òun ló sì ń darí àwọn tó ń pa ẹ̀yà ìyá yín run. Kí lẹ máa ṣe fún un?

Ìbéèrè tí Nnedi Okorafor gbé ka iwájú wa nínú Who Fears Death nìyẹn. Ọdún 2010 ni ìwé náà jáde ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba World Fantasy Award, ọ̀kan lára àmì-ẹ̀yẹ tó níyì jù lọ fún ìwé àròsọ tó dá lórí ohun abàmì. Àtìgbà yẹn ni àwọn tó kà á ti ń bá ara wọn jiyàn, àríyànjiyàn náà ò sì tíì rọlẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ò tíì ka irú rẹ̀ rí látọwọ́ ọmọ Áfíríkà. Àwọn kan ò ka ìdá mẹ́rin rẹ̀ tí wọ́n fi pa á dé, wọn ò sì ṣí i mọ́. Àwọn kan kà á dópin, wọ́n wá bínú sí ẹni tó kọ ọ́. Mo ti bá irú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀. Ohun tí mo kíyè sí ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ idán àti oṣó ni wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀san ni. Ibo ló yẹ kí ẹ̀san dúró?

Ọmọ Ìgbò ni Okorafor, orúkọ rẹ̀ ti fi hàn bẹ́ẹ̀. Ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1974, àmọ́ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Nígbà tó ń dàgbà, bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ló mú ní ọ̀kúnkúndùn, kò jọ pé ó máa di òǹkọ̀wé rárá. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 19, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un nítorí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tó wọ́, iṣẹ́ abẹ náà ò sì lọ bó ṣe yẹ, kò lè fẹsẹ̀ rìn fún àkókò kan. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn. Lọ́dún 2008, ó gba ẹ̀bùn Wole Soyinka fún ìwé kan tó kọ fáwọn ọ̀dọ́, ìyẹn Zahrah the Windseeker. Ẹni tó bá ti ka ìwé yẹn, tó wá rò pé irú rẹ̀ náà ni Who Fears Death, àyà rẹ̀ á já. Ìwé àgbàlagbà ni o. Ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn jù ú sórí tábìlì pálọ̀ níbi tọ́wọ́ ọmọdé ti lè tó o.

Ọmọ iyanrìn

Ilẹ̀ Sudan ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, àmọ́ kì í ṣe Sudan ti òde òní. Ọjọ́ iwájú ni, lẹ́yìn tí ayé àtijọ́ ti bà jẹ́. Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀rọ kan tó ń fa omi látinú afẹ́fẹ́ fún àwọn arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n ràkúnmí náà ṣì wà, oṣó sì wà. Ẹ̀yà méjì ló ń gbébẹ̀. Àwọn Nuru láwọ̀ pupa, àwọn Okeke sì dúdú. Ìwé mímọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ńlá, ohun tó sì kọ́ àwọn méjèèjì ni pé ẹrú ni Ọlọ́run dá àwọn Okeke láti jẹ́. Nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, àwọn Nuru ò tiẹ̀ fẹ́ ẹrú mọ́. Wọ́n fẹ́ pa wọ́n tán ni.

Najeeba, obìnrin Okeke kan, wà nínú aṣálẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin ìlú rẹ̀, àdúrà ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, nígbà táwọn Nuru já lù wọ́n. Oṣó kan tó ń jẹ́ Daib fipá bá a lò pọ̀. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi lọ, láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló lè sọ. Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó bá mú ràkúnmí rẹ̀, ó padà sínú aṣálẹ̀, ibẹ̀ ló sì dá bímọ sí. Awọ ọmọ náà àti irun rẹ̀ rí bí iyanrìn. Orúkọ tó sọ ọ́ ni Onyesonwu, èyí tó túmọ̀ lédè Ìgbò sí “Ta ló ń bẹ̀rù ikú?” Àwa Yorùbá náà kúkú mọ orúkọ tó dójú kọ ikú, a ní Ikúmápàyí, a ní Ikúforíjìn. Àmọ́ àdúrà ni tiwa, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀ ẹ́. Ti Najeeba yìí, ìpèníjà ni.

Fún ọdún mẹ́fà, ìyá àtọmọ ń rìn kiri nínú aṣálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé ìlú kan tó ń jẹ́ Jwahir, níbi tí alágbẹ̀dẹ kan ti fẹ́ Najeeba, tó sì fi ọmọ náà ṣe ọmọ. Ẹ gbọ́ orúkọ alágbẹ̀dẹ náà: Fadil Ogundimu. Yorùbá tó bá dé ibẹ̀ á rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé Ògún fún wa, ká tó mọ̀ pé ẹni tó yẹ kó jẹ́ Ògúndìmú ló ń jẹ́ ẹ. Òun náà lẹni tó ṣe dáadáa jù nínú gbogbo bàbá tó wà nínú ìwé náà, òkú rẹ̀ sì ni ìtàn fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni Onyesonwu nígbà tí alágbẹ̀dẹ náà kú. Ibi ìsìnkú ló ti fọwọ́ kan òkú, tí òkú sì mí. Okorafor ti sọ ọ́ rí pé ikú bàbá tòun gan-an ló bí ìran yẹn.

Ibẹ̀ làwọn ará ìlú ti mọ̀ pé ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ lásán. Ó lè yíra padà di igún. Oṣó ìlú, Aro, kọ́kọ́ kọ̀ láti kọ́ ọ níṣẹ́ nítorí pé obìnrin ni, àmọ́ nígbà tó yá, kò rọ́gbọ́n dá sí i. Onyesonwu wá mọ̀ pé bàbá tó bí òun náà mọ̀ pé òun wà láyé, ó sì ń wá òun láti pa. Ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, òun àti Mwita olólùfẹ́ rẹ̀ sì forí lé ìwọ̀ oòrùn, wọ́n gba inú aṣálẹ̀ lọ. Ó fẹ́ lọ pa Daib ni.

Àwọn tí kò lè kà á kọjá ibẹ̀rẹ̀

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ táwọn òǹkàwé máa ń rò ni ti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Najeeba. Okorafor ò fi nǹkan kan bò. Obìnrin kan tí mo bá sọ̀rọ̀ ní òun ò lè sùn lóru ọjọ́ tóun kà á, òun sì rò pé òǹkọ̀wé lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ibẹ̀, ká kàn gbọ́ pé ó ṣẹlẹ̀. Àwọn míì ní àwọn ọkùnrin òǹkọ̀wé ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ti ìlẹ̀kùn yẹn, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ lójú ogun fi máa ń dà bí àhesọ.

Ó dáa kẹ́ni tó bá fẹ́ dá sí ẹjọ́ yìí mọ ibi tí ìtàn náà ti wá. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Darfur, ní ìwọ̀ oòrùn Sudan, lọ́dún 2003. Àwọn ológun orí ẹṣin àti ràkúnmí tí wọ́n ń pè ní Janjaweed ń jó abúlé àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì ń fipá bá àwọn obìnrin wọn lò pọ̀. Lóṣù June ọdún 2004, akọ̀ròyìn obìnrin kan, Emily Wax, kọ ìròyìn kan sínú ìwé ìròyìn Washington Post nípa bí àwọn ọkùnrin yẹn ṣe ń sọ fún àwọn obìnrin náà pé àwọn fẹ́ kí wọ́n bí ọmọ tí awọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju tiwọn lọ. Okorafor ka ìròyìn náà, ó sì ti jẹ́ kó yé gbogbo èèyàn pé ibẹ̀ ni Najeeba àti ọmọ rẹ̀ ti jáde. Èmi tí mò ń fi iṣẹ́ ìròyìn jẹun, mi ò lè ka ìyẹn kí n má ronú lé e. Ìròyìn ojú ewé kan dọjọ́ kejì, wọ́n á ti fi di àkàrà. Èyí di ìwé tí wọ́n ṣì ń jà lé lórí títí dòní.

Nígbà tí ìwé náà jáde, àwọn òǹkàwé kan sọ pé ìwà ìkà inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé ó dà bíi pé òǹkọ̀wé ń sọ ọ́ kó lè dùn-ún gbọ́ létí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì máa sọ bẹ́ẹ̀ báyìí. Lóṣù April ọdún 2023, ogun míì bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan láàárín àwọn sójà ìjọba àti ẹgbẹ́ ológun RSF, tí wọ́n ti ara Janjaweed dá sílẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n pa àwọn ẹ̀yà Masalit nípakúpa ní El Geneina. Lóṣù October ọdún 2025, El Fasher bọ́ sọ́wọ́ RSF lẹ́yìn tí wọ́n ti sé ìlú náà mọ́ fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ohun táwọn obìnrin tó sá kúrò níbẹ̀ ń sọ, kò tún ní sọ pé Okorafor bù mọ́ ọn.

Abẹ tó bí ìjà nílé

Nígbà tí Onyesonwu pé ọmọ ọdún 11, ó yọ́ jáde nílé lóru, ó lọ dábẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́: Luyu, Diti àti Binta. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú un. Ìyá rẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀. Ó rò pé ìyẹn máa mú ìtìjú kúrò lórí àwọn òbí òun ni, káwọn ará ìlú lè ka òun sí ọmọ ìlú.

Ní tòótọ́, ibí yìí ló bí ìjà láàárín àwọn òǹkàwé ọmọ Áfíríkà ju ibikíbi lọ. Ẹ̀sùn kan ni pé Okorafor tó dàgbà sí Amẹ́ríkà ń tú àṣírí ilé fún àwọn òyìnbó. Ẹ̀sùn kejì wá láti ọ̀nà òdìkejì: wọ́n ní ó jẹ́ kí nǹkan náà dára jù, torí pé òru yẹn làwọn ọmọ mẹ́rin náà di ọ̀rẹ́ àjọkú, inú yàrá yẹn sì ni Binta ti rí ẹni tó lè sọ fún pé bàbá tó bí òun ń bá òun sùn.

Èmi ò gbà pé ó dára jù. Tí ẹ bá kà á síwájú, ẹ ó rí i pé oògùn wà lára abẹ náà. Wọ́n fi de àwọn ọmọ náà kí ara má bàa gbà wọ́n láti sún mọ́ ọkùnrin títí wọ́n á fi lọ́kọ, ẹni kan ò sì sọ fún wọn. Nínú aṣálẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Onyesonwu fi agbára rẹ̀ dá ohun tí wọ́n gé padà, fún ara rẹ̀ àti fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo mọ obìnrin méjì tí wọ́n sunkún nígbà tí wọ́n ka ibẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì nídìí. Ọ̀rọ̀ ibòmíì kọ́ lèyí jẹ́ fún wa. Ọ̀ṣun àti Èkìtì wà lára ìpínlẹ̀ tí àṣà dídábẹ́ fọ́mọbìnrin ti gbilẹ̀ jù lórílẹ̀-èdè yìí, òfin tí ìjọba àpapọ̀ sì ṣe lòdì sí ìwà ipá lọ́dún 2015 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ní kí Okorafor dákẹ́ nítorí òyìnbó, ṣé àwọn ọmọ tiwa ò ní ka ìwé náà ni?

Ṣé Èṣù wọn ni Èṣù wa?

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí pé iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ sì máa ń dá mi dúró. Nínú ìwé náà, ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú agbára láti yíra padà di ẹranko ni wọ́n ń pè ní Eshu. Ó ń bí àwọn òǹkàwé Yorùbá nínú. Èṣù wa kì í ṣe orúkọ fún ẹni tó ń di igún. Òrìṣà ni, ońṣẹ́ ni, oríta nilé rẹ̀, ìyà tó sì ti jẹ ẹ́ látọjọ́ tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ túmọ̀ Sátánì nínú Bíbélì tó gẹ́ẹ́. Ọkùnrin kan bi mí pé ṣé òǹkọ̀wé náà ò lè béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan ni.

Mo lóye ìbínú rẹ̀, àmọ́ mi ò bá a bínú. Okorafor ń ṣajé lọ́jà gbogbo Áfíríkà ni. Ó mú Ani, ilẹ̀ tí àwọn Ìgbò ń bọ, ó fi ṣe òrìṣà àwọn èèyàn Sudan. Ó mú nsibidi, àmì ìkọ̀wé àtijọ́ àwọn ará Cross River, ó fi kọ ìwé mímọ́ tuntun. Kponyungo, ẹranko tó ń tu iná lẹ́nu, ọ̀dọ̀ àwọn Senufo ní Côte d'Ivoire ló ti rí i. Sudan tó ń sọ ò sí láyé, gbogbo wa ló fi kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ tó dá mi dúró jù ni Ewu. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú ọmọ tí Onyesonwu jẹ́ nìyẹn. Lédè Ìgbò, ewúrẹ́ ni. Yorùbá tó bá rí i lójú ìwé tí kò ní àmì ohùn á pè é ní ewu, kò sì ní jìnnà sóòótọ́, torí pé ìgbàgbọ́ wọn nínú ìwé náà ni pé ọmọ tí wọ́n fi ìwà ipá bí á di oníwà ipá. Kí la máa pè é? Ọmọ àlè? Àlè ni ẹni téèyàn fínnú fíndọ̀ yàn. Najeeba ò yan ẹnikẹ́ni. Mo wá ọ̀rọ̀ náà títí nínú èdè wa, mi ò rí i, mo bá fi Ewu sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìlú Durfa

(Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ bí ìwé náà ṣe parí, kó fo ibí yìí.)

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Daib rárá, ìwé náà ti kì wá nílọ̀. Ní ìlú kan tó ń jẹ́ Papa Shee, àwọn èèyàn ya bo àwọn Ewu yìí, wọ́n sì pa Binta. Onyesonwu bínú, ó fọ́ gbogbo ìlú náà lójú. Àtọmọdé àtàgbà. Àwọn òǹkàwé kì í sọ̀rọ̀ nípa Papa Shee tó bó ṣe yẹ, bóyá torí pé gbogbo wa ti fẹ́ràn Binta, inú wa sì ń dùn díẹ̀ nígbà tí ojú ń fọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé Durfa, ìlú àwọn Nuru. Wọ́n bá Daib. Mwita kú níbẹ̀. Nígbà tí Onyesonwu gbá òkú Mwita mọ́ra, agbára kan tú jáde lára rẹ̀. Gbogbo ọkùnrin ìlú náà tó lè fún obìnrin lóyún ló kú. Gbogbo obìnrin tó lè lóyún ló sì lóyún.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá mi lójú pé ohun tí mo rí ni mo rí.

Àwọn kan sọ pé ẹ̀san tó tọ́ ni. Àwọn Nuru ń pa ẹ̀yà kan run, wọ́n sì ń fi oyún ṣe ohun ìjà; ohun tí wọ́n gbìn ni wọ́n ká. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ogun ti lé ìdílé rẹ̀ nílé lápá Àríwá Nàìjíríà sọ fún mi pé òun ò kábàámọ̀ ẹyọ ẹnì kan nínú Durfa, àti pé ẹni tí kò tíì rí ilé bàbá rẹ̀ nínú iná kó má wá kọ́ òun ní ìdáríjì. Mi ò rí nǹkan sọ sí i.

Àwọn míì bi í pé: alákàrà inú Durfa ńkọ́? Ẹni tó ń tún bàtà ṣe ńkọ́, tí kò gbé idà rí? Ọmọdékùnrin tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki ńkọ́? Ìtàn náà fi ọmọ kan wá bàbá kan, àmọ́ nígbà tó dé ibẹ̀, ó pa bàbá àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò lè ka iye wọn.

Ibi tó ká mi lára jù, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní ẹ jẹ́ ká gbàgbé àwọn ọkùnrin ná. Àwọn obìnrin Durfa tó jí tí wọ́n bára wọn nínú oyún, ta ló bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́? Ohun tí wọ́n ṣe fún Najeeba nínú aṣálẹ̀, tí gbogbo ìwé yìí fi ń sunkún, ṣebí òun náà ni ọmọ rẹ̀ ṣe fún odidi ìlú? Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ọwọ́ ẹni tá a fẹ́ràn ló ti wá.

Àwọn tó ń gbèjà Onyesonwu sọ pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìbànújẹ́ ló tú agbára náà sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì lóyún láàárín wọn. Òótọ́ ni. Wọ́n tún ní ìyè ló fẹ́ dá, kì í ṣe ikú. Ìyẹn náà lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun táwọn ará ìlú ti ń sọ nípa Ewu láti ojú ewé àkọ́kọ́, pé ọmọ ìwà ipá á hùwà ipá. A fi gbogbo ìwé náà bínú sí wọn, a ń pè wọ́n ní aláìmọ̀kan. Nígbà tó wá di Durfa, ṣé wọ́n parọ́? Okorafor ò dáhùn. Mo rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, mo sì gbóríyìn fún un pé kò bá wa fọ ọwọ́ ọmọ náà mọ́. Ohun tí mi ò lè fara mọ́ ni bó ṣe yára kọjá. Ó fi ọ̀pọ̀ ojú ìwé mú wa rìn nínú aṣálẹ̀, ó jẹ́ ká mọ bí àwọn ọ̀rẹ́ ṣe ń jà nítorí ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti oúnjẹ. Àmọ́ àwọn obìnrin Durfa, a ò gbọ́ orúkọ wọn, a ò gbọ́ ohùn wọn. Ìyà táwọn èèyàn fi jẹ Najeeba náà nìyẹn.

Nípa òpin ìtàn, ìjà ibẹ̀ kéré. Wọ́n sọ Onyesonwu lókùúta pa nínú iyanrìn, tàbí kó jẹ́ pé ó di Kponyungo tó sì fò lọ. Òǹkọ̀wé sọ méjèèjì. Àwọn tó fẹ́ràn ọmọ náà gba ìkejì, àwọn tí Durfa ṣì ń dùn gba àkọ́kọ́.

Ẹjọ́ kan ṣì wà tí mi ò ní fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún: àwọn tó ní ọmọbìnrin náà ti bínú jù, pé kì í rẹ́rìn-ín, pé àgídí rẹ̀ pọ̀. Àwọn ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ti ka ìwé ọdẹ Fágúnwà láti kékeré, Akàrà-ògùn ń bá iwin jà nínú igbó lójú ewé lẹ́yìn ojú ewé, kò sẹ́ni tó ní kó rẹ́rìn-ín.

Orí ẹni tó wà lórí àmì-ẹ̀yẹ

Kódà àmì-ẹ̀yẹ tí ìwé náà gbà dá ìjà sílẹ̀. Nígbà yẹn, ère orí òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, H. P. Lovecraft, ni wọ́n máa ń fún ẹni tó bá gba World Fantasy Award. Lẹ́yìn tí Okorafor gbé e délé, ọ̀rẹ́ kan fi ewì kan tí ọkùnrin náà kọ han án, ewì tó fi bú aláwọ̀ dúdú bí ẹranko. Lóṣù December ọdún 2011, ó kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ síta. Kò dá àmì-ẹ̀yẹ náà padà, àmọ́ ó béèrè ohun tó yẹ kí obìnrin dúdú tí wọ́n gbé irú orí bẹ́ẹ̀ fún ṣe sí i. Àwọn òǹkàwé pín sí méjì lórí ìyẹn náà. Lọ́dún 2015, àwọn tó ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ náà kéde pé àwọn ò ní lo orí ọkùnrin yẹn mọ́.

Lọ́dún 2017, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HBO kéde pé àwọn fẹ́ sọ ìwé náà di fíìmù, àti pé George R. R. Martin, ẹni tó kọ àwọn ìwé tí wọ́n fi ṣe Game of Thrones, wà lára àwọn tó máa bójú tó o. A ò tíì rí i. Àwọn kan ń retí rẹ̀. Àwọn míì ń gbàdúrà pé kó má jáde, torí pé wọn ò fẹ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Najeeba pẹ̀lú ojú wọn.

Najeeba yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń béèrè látọjọ́ yìí. Ọmọ rẹ̀ gba gbogbo ìtàn mọ́ ọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun náà kì í ṣe èèyàn lásán, ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á á ti fura. Lọ́dún 2024, Okorafor mú ìtàn rẹ̀ jáde nínú ìwé kékeré kan, She Who Knows. Kò sí Daib níbẹ̀, kò sí ẹ̀san. Ọmọ ọdún 13 ni Najeeba nínú rẹ̀. Ìpè kan máa ń dé sétí àwọn ọkùnrin ìdílé wọn lọ́dọọdún pé kí wọ́n lọ wa iyọ̀ nínú aṣálẹ̀, obìnrin kì í gbọ́ ọ. Lọ́dún yẹn, Najeeba gbọ́ ọ, ó sì sọ fún wọn nílé. Ohùn rẹ̀ ṣì já gaara nígbà yẹn.